Okùn Oníkókó ní Ọjà Àgbò Lotto

Àlàmísì, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, 2025

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó mi. Má bá mi tún un ṣe. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ohun tí mi ò ṣe ni gbogbo ayé ń sọ pé mo ṣe. Lọ́dún yìí, ohun tí mo bá ṣe àti ohun tí wọ́n bá ṣe fún mi ní ọjà Lotto, lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, inú ìwé ni yóò wà.

Àgbò mẹ́tàlélógún ló wà ní ọgbà. Kúrùnà mú méjì, irun ẹ̀gbẹ́ wọn ti ń re. Mo so wọ́n sọ́tọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n. Ọ̀kan kàn mí ní itan. Mo dì í ní ìwo mú, mo gbá a ní ẹnu títí ó fi kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo ohun tó kàn wọ́n lára, mo sè é nínú omi híhó: okùn ìsoran, korobá, àti okùn oníkókó tí mo fi ń wọn ẹran. Kúrùnà kì í kú sínú omi tútù. Wúlẹ̀mọ̀tù ní mo ba ìkòkò òun jẹ́. Kọ ìyẹn náà.

Àpò èèrí kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà.

Àlàádì, ọjọ́ kẹrin

Àgbò funfun tí mo rà ní Ajuwon já okùn, ó lọ bá Arógun, ọba àwọn àgbò mi. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jìnnà síra wọn, wọ́n sáré pàdé. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí òòlù bá ba pákó. Ìwo funfun ṣẹ́ nídìí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú àwọn méjèèjì. Mo wọ àárín wọn, mo nà wọ́n títí ọ̀pá fi kán sí mi lọ́wọ́. Abdulrauf, ọkọ Qudrah ọmọ mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló fò wọ ọgbà, tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kan mú, tó fà á kúrò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ ṣì ń bá àgbò jà!"

Mo ní, "Àgbò ló ń bá mi jà. Bi í kó sọ ẹni tó borí."

Nírọ̀lẹ́ mo wọn Arógun. Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mi ò ní irú rẹ̀ rí. Gbogbo wọn ló sanra lọ́dún yìí, bí mo ṣe ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni inú mi ń dùn. Èèrí mi kò ṣòfò.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bádéjọ gbé òṣùwọ̀n wọ ọjà. Wẹ́dà ni, ará ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó ń gbé yàrá kan ní Magboro. Ó jó irin pọ̀ bí àgò ńlá, ó gbé e ka orí òṣùwọ̀n, ẹran á wọnú rẹ̀, nọ́ńbà pupa á sì tàn níwájú. Ògúnkànmí, olórí ọjà wa, dìde, ó ní àwọn oníbàárà Èkó kò fẹ́ fi ojú ná ẹran mọ́. Kílò ni wọn yóò máa rà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ fún kílò kan.

Bádéjọ dọ̀bálẹ̀ kí mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí tiyín kọ́kọ́ wọlé, kó lè ní ìbùkún."

Èyí tí mo mú wọlé, mo ti fi okùn wọ̀n ọ́n kúrò nílé: kílò méjìdínláàádọ́ta. Nọ́ńbà pupa tàn. Wọ́n kà á fún mi: mọ́kànlélógójì.

Mo ní, "Kílò méje dà?"

"Kílò méje wo, bàbá?"

"Èyí tí o gbé mì."

Ọjà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, irin kì í jẹun."

Mo ní, "Ẹni tó jó o ń jẹun."

Ó ní kí n fi okùn náà han òun. Mo yí i ká àyà ẹran lẹ́yìn apá iwájú, mo ka kókó. Mo tún nà án láti èjìká dé ìdí, mo tún kà á. Mo sọ fún un pé dókítà ẹran tó máa ń wá sí oko bàbá mi ní Ifo ló sọ iye kílò tó wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan, àti pé nígbà tí èkúté gé okùn bàbá mi lọ́dún tó kọjá, mo ra òwú tuntun, mo nà án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo so kókó síbi tí kókó wà. Ogójì ọdún, kò sí alápatà tó pa ẹran mi tó pè mí ní onírọ́.

Ó fọwọ́ kan okùn náà, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, okùn ni wọ́n fi ń so ẹran o."

Èmi ni ọjà fi rẹ́rìn-ín nígbà yìí. Mi ò ta ọ̀kankan. Mo da gbogbo wọn padà sílé.

Àtìní, ọjọ́ kejìlá

Òjò láti òwúrọ̀. Ọ̀nà kún, mi ò jáde. Mo jókòó, mo ń bínú.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àwọn olówò mẹ́rin ní kí n wọn ẹran àwọn kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Bádéjọ. Mo wọ̀n wọ́n. Òṣùwọ̀n já kílò mẹ́fà lára ti ọ̀kan, ó já mẹ́jọ lára ti èkejì. Bí ẹran bá ṣe tóbi tó ni òṣùwọ̀n ṣe ń jí i tó. Ìyẹn ló dá mi lójú pé olè ni. Fàsílátù opó, tó jẹ́ pé àgbò méjì péré ló sìn láti ọdún tó kọjá, ta méjèèjì sórí irin náà, ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún.

Mo mú igi tí a fi ń há ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹran ọjà. Mo lọ bá Bádéjọ.

Mo ní, "Da kílò opó yìí padà fún un."

Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi. Ojú yín ti di bàìbàì, ẹ ò rí kókó kà mọ́."

Mo fi igi náà gbá a ní ẹnu. Eyín méjì já bọ́ sínú iyanrìn, mo rí wọn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, mo tún gbá a ní èjìká, mo tún gbá irin rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló dì mí mú. Mo ń pariwo pé olè ni, olè ni, títí ohùn mi fi há.

Wúlẹ̀mọ̀tù béèrè bóyá kí òun kọ ti eyín. Kọ ọ́. Méjì ni.

Àlàádì, ọjọ́ kejìdínlógún

Wúlẹ̀mọ̀tù wà ní Àsálátù nígbà tí wọ́n dé. Ọ̀kadà mẹ́ta, ènìyàn mẹ́fà. Bádéjọ kò sí nínú wọn, àmọ́ èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n mú irin àti àdá lọ́wọ́. Wọn ò béèrè ohunkóhun. Wọ́n fọ́ ọgbà, wọ́n sì bọ́ sí ara Arógun. Ẹran náà kan ọ̀kan nínú wọn ní orúnkún, mo gbọ́ bí eegun ṣe ró. Ni wọ́n bá fi irin lù ú ní iwájú orí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ń lù ú lọ. Bí wọ́n bá dúńbú rẹ̀, ìbá ṣe é jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n lù ú pa ni, ó di òkú ẹran tí Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn.

Mo fi ṣọ́bìrì la orí ọ̀kan. Èkejì gbé àdá sókè sí mi. Abdulrauf na ọwọ́ òsì sí àárín. Àdá wọ apá rẹ̀ títí dé eegun. Qudrah sáré jáde pẹ̀lú aṣọ oníbàárà tó ń rán, ó fi dì í. Wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ àna mi dàpọ̀ sílẹ̀, mi ò mọ èyí tí mo ń gbá.

Àtàlátà, ogúnjọ́

Ògúnkànmí pè wá. Ẹnu Bádéjọ wú bí ọsàn. Ó ní, "Mi ò rán wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló bínú." Mo ní, "Irọ́." Àwọn olówò tó wà lẹ́yìn mi ní, "Irọ́ ni!" Ọ̀kan ju òkúta.

Ògúnkànmí fi ọ̀pá lu tábìlì. Ó ní, ó tó. Ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí Iléyá bá ku ọjọ́ méjì, tí egbò ti san, gbogbo ọjà yóò dúró. Wọn yóò kọ́kọ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì tí ẹnikẹ́ni kò tú sórí òṣùwọ̀n náà. Àádọ́ta kílò ni sìmẹ́ńtì. Bí òṣùwọ̀n bá pè é ní àádọ́ta, olóòótọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn wọn yóò gbé àgbò sí i, èmi náà yóò fi okùn wọ̀n ọ́n. Nínú èmi àti Bádéjọ, ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ èké yóò fi Lotto sílẹ̀, kò ní padà wá. Títí di ọjọ́ náà, òṣùwọ̀n wà ní títì pa nínú ṣọ́ọ̀bù Ògúnkànmí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo gbà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta àgbò níbẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Àwọn olówò tó wà lẹ́yìn mi lọ sí Magboro. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ tí Bádéjọ fi ń jó irin, wọ́n wọ́ ọ jáde nínú yàrá, wọ́n fi bẹ́líìtì nà án lójú àwọn ayálégbé. Wọ́n wá ròyìn fún mi. Ọ̀kan ń ṣe àfarawé bí Bádéjọ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tí kò léyín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo fún wọn ní kóòkì tútù.

Ìka méjì ní ọwọ́ Abdulrauf kò ká mọ́. Kẹ̀kẹ́ Marúwá ló ń tún ṣe, ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ní ká máa wòye.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Funfun kàn mí ní ìhà. Bí mo bá mí, ó ń dùn mí. Ata rodo wọ́n. Kúrùnà ti lọ pátápátá.

Jímọ̀, ọgbọ̀njọ́

Mo ń wọn àgbò tí òṣùwọ̀n pè ní mọ́kànlélógójì. Okùn mi ní ó ti di mọ́kàndínláàádọ́ta. Qudrah wà ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wò mí. Ó dìde wá, ó di okùn náà mú, ó fi àtàǹpàkò rìn láti kókó sí kókó.

"Bàbá, òwú ni, àbí?"

"Òwú ni."

"Ẹ fọ̀ ọ́ rí?"

"Mo sè é. Nítorí kúrùnà."

Ó ní, "Ẹ sè é. Òwú tuntun. Bàbá, a kì í gé aṣọ òwú tuntun láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, torí pé ó máa ń ká kò. Bí a bá gé e kí a tó rẹ ẹ́, oníbàárà á wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fọ̀ ọ́, kò ní gba orí rẹ̀ mọ́."

Mo ní okùn kì í ṣe aṣọ.

"Bàbá, bí okùn bá kúrú, kókó á súnmọ́ra. Ẹran tó yẹ kó dé kókó kẹwàá á dé ìkọkànlá. Ẹran yín kò sanra. Okùn ló—"

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Kò yẹra. Ó ní, "Ẹ gbá mi, bàbá. Bí ẹ bá gbá mi tán, ẹ wọ̀n ọ́n."

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo lọ fa okùn bàbá mi jáde láti àjà, ìdajì tí èkúté gé kù. Mo nà án sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ìdí pẹ̀lú ìdí. Kókó kìíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ní ìkẹta, tèmi ti ń sá. Nígbà tí okùn bàbá mi parí ní kókó kẹjọ, tèmi ti kọjá ìlàjì ọ̀nà sí ìkẹsàn-án.

Mi ò jẹun. Má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, Wúlẹ̀mọ̀tù, ṣáà kọ ọ́.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo gbé àgbò náà sínú kẹ̀kẹ́, mo gbé e lọ sí Ibafo, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Bàbá, ẹran yìí ti dógùn-ún ni, tí ẹ fi fẹ́ tà á bí irin?" Mo ní kí wọ́n ṣáà gbé e sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n gbé e.

Méjìlélógójì.

Àtìní, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà

Wúlẹ̀mọ̀tù ní ọgbọ́n kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì í. Ó ní kí n so kókó tuntun, kí n fi téèpù Qudrah tọ́ ọ sọ́nà. Bí okùn bá sọ ohun tí òṣùwọ̀n sọ lọ́jọ́rú, kò sí ẹni tó pa irọ́. Ògúnkànmí á ní iṣẹ́ Èṣù ni, a ó sì dì mọ́ ara wa, wọn ò sì ní lé mi. Ó dára. Mo ti mú okùn tuntun lọ́wọ́, mo ti so kókó mẹ́rin.

Abdulrauf wọlé. Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn tó ká kò fún un, torí pé apá rẹ̀ ni wọ́n ṣá. Mo rò pé yóò pariwo. Ó jókòó. Ó ń wo ìka rẹ̀ méjì náà.

Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣá mi, Bádéjọ ni mo ń bá bínú kí n tó lè sùn. Ta wá ni kí n máa bá bínú báyìí?"

Mo tú kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrin

Ọjà kún dé ojú títì márosẹ̀. Àwọn tèmi mú igi wá, àwọn Ọ̀yọ́ náà mú tiwọn. Ògúnkànmí ṣí ìlẹ̀kùn, wọ́n gbé òṣùwọ̀n jáde. Wọ́n gbé sìmẹ́ńtì sí i. Àádọ́ta. Kò lé, kò dín.

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi pariwo pé wọ́n ti tún un ṣe. Ògúnkànmí fa kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ jáde, ó fi hàn wọ́n. Wọ́n tún pariwo. Ọ̀kan ti na igi sókè. Mo rí i pé bí n kò bá sọ̀rọ̀ báyìí, òkú ni yóò sùn ní ọjà yìí, kì í ṣe ti ẹran.

Mo ní, "Ẹ dákẹ́. Èmi ni."

Mo gbé okùn oníkókó sókè. Mo gbé ìdajì ti bàbá mi sókè. Mo ní, "Mo se okùn yìí nínú omi híhó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, ó ká kò, mi ò mọ̀. Gbogbo kílò tí mo pè fún yín, èké ni. Ọmọ yìí kò jí nǹkan kan."

Mo rìn lọ bá Bádéjọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, àyà mi kan ilẹ̀. Mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo dàgbà jù rí láyé mi.

Ó ní, "Ẹ dìde." Bí mo ṣe dìde, ó gbá mi létí. Mo gbọ́ agogo nínú orí. Abdulrauf fò síwájú, mo dì í mú. Bádéjọ tún gbá mi ní etí kejì, ó ń sunkún, ó ń fi ìka kan àlàfo ẹnu rẹ̀, ó ń pariwo, "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!" Mo wò ó.

Àwọn Ọ̀yọ́ kò fọwọ́ kàn mí. Àwọn tí mo fún ní kóòkì ló kọ́kọ́ ta mí nípàá. Ọ̀kan ní, "Ẹ fi wá fọ́ ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni, àgbàyà!" Mo ṣubú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìhà tí àgbò kàn. Fàsílátù opó bu iyanrìn dà sí mi lójú. Ògúnkànmí ló fi ara bò mí.

Ó ní, "Bàbá Qudrah, ẹ ti gbọ́ ìdájọ́ yín tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́ ọ."

Àlàmísì, ọjọ́ karùn-ún

Mo ta méjìlá lórí òṣùwọ̀n Bádéjọ. Ẹlòmíràn ló bá mi dà wọ́n lọ, èmi kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìjórin, kí wọ́n gbé e lọ sí Magboro, kí wọ́n má dárúkọ mi. Mẹ́sàn-án ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifo, sí ilẹ̀ bàbá mi. Ọ̀kan kù fún ọ̀la.

Mi ò lè fi ìhà òsì sùn.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà, Iléyá

Lẹ́yìn ìrun mo dúńbú funfun. Abdulrauf fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dì í. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Kò wò mí.

Mo ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù se ẹ̀dọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀wà. Ó fẹ́ gbé e lọ, mo ní rárá. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Magboro fúnra mi. Ẹ̀rọ ìjórin tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tíì tú u.

Bádéjọ ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú mi tó wú, ó wo abọ́.

"Kí ni ó wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀dọ̀ ni. Kò ní eegun. Kò gba eyín."

Mo rò pé yóò dà á sí mi lórí. Mo ti múra sílẹ̀. Ó gba abọ́ náà, kò kí mi, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Mo dúró síbẹ̀. Àwọn ayálégbé ń wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ṣíbí nínú abọ́.